Abẹ́rẹ́ àjẹsára, gìrì ọmọdé àti owó gbà-má-bìínú: kí ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ òbí?

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ohùn kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Takié títí dé Arówómọlẹ̀, pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá ṣe ní jàǹbá nínú ọpọlọ tàbí nínú iṣan ara máa ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ìjọba, àti pé àwọn òbí tó wà nílẹ̀ yìí náà lè fi orúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n gba tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà tún wá gbóná sí i láti oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí Robert F. Kennedy Jr., tó ń ṣàkóso ètò ìlera ní Amẹ́ríkà, kéde pé ètò tí wọ́n fi ń san owó náà ti bàjẹ́, òun yóò sì tún un ṣe. Apá kan nínú ohun tí ohùn náà ń sọ jẹ́ òótọ́. Apá kejì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, apá yẹn gan-an ló sì kan àwa.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ nítòsí Takié ló gbé ọ̀kan nínú irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún mi gbọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti pé ọdún méjì àbọ̀ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Kò lè dá jókòó, ọrùn rẹ̀ kò gba orí rẹ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dì pinpin bí ẹni tó di nǹkan mú. Ìyá náà sọ pé abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ náà lọ gbà ní ilé ìlera alábọ́dé kan, pé ara rẹ̀ gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, àti pé òru ọjọ́ kejì ni gìrì mú un. Ó tú káàdì àjẹsára ọmọ náà jáde látinú ọ̀rá dúdú tó fi wé e. Káàdì náà ti ya láàárín, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, báírò aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àyè tó yẹ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ìgò oògùn sí, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní bááṣì, ṣófo láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, ṣé èyí ò tó kí wọ́n fi gbọ́ tèmi?"

Kò tó. Kí ìdí tí kò fi tó lè yé ni, a ní láti mọ bí owó tí wọ́n ń sọ ní Amẹ́ríkà yẹn ṣe délẹ̀, ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó san án, àti ohun tó wà ní ipò rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tí ó kéré gan-an.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ DTP, tó ń dènà diphtheria (àrùn tó ń dí ọmọ lọ́fun), ipá àti ikọ́ líle tí ń gba èémí lọ́wọ́ ọmọdé, ló kó àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn Amẹ́ríkà sí wàhálà. Àwọn òbí ń pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́tùn-ún lósì pé abẹ́rẹ́ náà ba ọpọlọ ọmọ wọn jẹ́, ilé ẹjọ́ ń dá owó ńlá lé àwọn kan nínú wọn lórí, àwọn ilé iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn kúrò lórí àtẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọdún 1984 ń lọ sópin, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń ta DTP fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ìjọba rí i pé bí èyí tó kù yìí bá tún ṣíwọ́, ikọ́ líle yóò padà wọlé. Àwọn aṣòfin wá ṣe òfin kan ní 1986, ètò tí òfin náà dá sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1988.

Bí wọ́n ṣe tò ó rèé. Lórí gbogbo abẹ́rẹ́ tí ètò náà kàn, wọ́n ń yọ owó orí sẹ́ńtì 75 fún àrùn kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà, kí èyí tó ń dènà àrùn mẹ́ta lè san ìlọ́po mẹ́ta. Inú àpò kan ni wọ́n ń da owó náà sí. Ẹni tó bá gbà pé abẹ́rẹ́ ṣe òun tàbí ọmọ òun ní jàǹbá kò ní pe ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn lẹ́jọ́, kò sì ní pe nọ́ọ̀sì tó gún un. Ìjọba àpapọ̀ ni yóò kọ̀wé sí, ní ilé ẹjọ́ kan tó wà fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, níbi tí àwọn adájọ́ àkànṣe ti ń gbọ́ ọ. Kò ní láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Ohun tó ní láti fi hàn ni pé abẹ́rẹ́ náà ló fa àìsàn náà, àti pé àìsàn náà pẹ́ lára rẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Bí ẹjọ́ bá gbè é, wọ́n á san owó ìtọ́jú rẹ̀ níwọ̀n bó bá ti wà láàyè, wọ́n á sì fi owó ìrora tí kò gbọdọ̀ ju 250,000 dọ́là lọ kún un. Bó bá sì jẹ́ pé ó kú ni, 250,000 dọ́là ni àwọn ẹbí rẹ̀ yóò gbà. Kódà bí ẹjọ́ kò bá gbè é, àpò náà sábà máa ń san owó agbẹjọ́rò rẹ̀, bó bá ti jẹ́ pé tinútinú ló fi pe ẹjọ́ náà tí ìdí rẹ̀ sì dúró. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú òfin náà, nítorí pé aláìní kò lè pe ẹjọ́ kankan bó bá jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ wá owó lọ́yà.

Láti 1988, owó tí àpò náà ti san ti lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn lè rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni abẹ́rẹ́ ń pa lára. Ìṣirò tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe láti 2006 fi hàn pé, nínú mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ tí wọ́n pín, nǹkan bí ẹnì kan ló gba owó gbà-má-bìínú. Púpọ̀ nínú àwọn tó sì gbà á jẹ́ pé ìlàjà ni ìjọba àti olùpẹ̀jọ́ ṣe láàárín ara wọn, láìsí pé adájọ́ sọ pé abẹ́rẹ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ìbéèrè pé, ṣé abẹ́rẹ́ náà ló fà á lóòótọ́? Wọ́n ní ìwé àtẹ kan tó to abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, àìsàn tó lè tẹ̀ lé e, àti iye ọjọ́ tí àìsàn náà gbọ́dọ̀ fi yọjú. Bí ọpọlọ bá dàrú láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ikọ́ líle, tàbí láàárín ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ èèyi, tàbí kí àìsàn Guillain-Barré, tí ń mú kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rọ díẹ̀díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 42 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ flu, ìyẹn ọ̀fìnkìn líle, òfin yóò gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á, àfi bí ìjọba bá rí òkùnfà mìíràn tọ́ka sí. Ẹni tí tirẹ̀ kò sí nínú àtẹ náà lè wá, ṣùgbọ́n láti inú ìdájọ́ kan tó wáyé ní 2005, ó gbọ́dọ̀ mú nǹkan mẹ́ta wá: ọ̀nà tí ìmọ̀ ìṣègùn gbà pé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fi lè ṣe irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lára ẹni yìí gan-an, àti àkókò tó bá a mu. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fún un láti ọjọ́ tí àmì àkọ́kọ́ yọjú.

Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ní ti ikọ́ líle nínú, òru ọjọ́ kejì tí ìyá ọmọ yìí sọ sì bọ́ sínú wákàtí 72 náà. Èyí ni ohùn orí fóònù di mú tó fi ń pariwo. Ohun tí kò sọ ni pé láti 1995 ni wọ́n ti yọ gìrì lásán kúrò nínú àtẹ, tí wọ́n sì ti fún ohun tí wọ́n ń pè ní ìdàrú ọpọlọ ní ìtumọ̀ tó há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò tún sọ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni ètò náà wà fún ní pàtàkì. Ọmọ tó gba tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ òbí kan níbí láti bá a forúkọ sílẹ̀ fún un, jìbìtì ló ń lù.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí gìrì, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti pè é. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná lè ní gìrì, yálà abẹ́rẹ́ ló mú ara náà gbóná tàbí ibà ẹ̀fọn, irú gìrì bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń lọ láìfi àbùkù kankan sílẹ̀ nínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún ni gìrì tí ibà lásán ń fà sábà máa ń mú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní oṣù mẹ́ta tí gìrì mú, bí ọmọ ìyá yìí, dókítà tó mọṣẹ́ yóò wá nǹkan mìíràn. Ní 2006, onímọ̀ ọpọlọ kan ní Ọsirélíà, Samuel Berkovic, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn mẹ́rìnlá kan wò, tí gbogbo ènìyàn ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé abẹ́rẹ́ ikọ́ líle ló ba ọpọlọ wọn jẹ́. Mọ́kànlá nínú wọn ló ní àṣìṣe nínú ẹ̀yà àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní SCN1A, èyí tó máa ń fa wárápá líle láti ọmọ ọwọ́. Ìyẹn ni pé àìsàn náà ti wà lára wọn kí wọ́n tó bí wọn. Bí kò bá sí abẹ́rẹ́, ibà mìíràn ni ìbá tú u síta.

Irú nǹkan báyìí ló mú kí ilé ẹjọ́ máa fà sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn kan tí àwọn dókítà gbé jáde ní 1974 nípa ọmọ mẹ́rìndínlógójì dẹ́rù ba àwọn òbí débi pé iye ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ ikọ́ líle já wálẹ̀ láti bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún sí bíi 30, ikọ́ náà sì padà jà kárí ilẹ̀ náà. Ìjọba ibẹ̀ ṣòfin ní 1979 láti máa san owó kan pàtó fún ẹni tí abẹ́rẹ́ bá sọ di aláàbọ̀ ara: 10,000 pọ́n-ùn ni nígbà náà, 120,000 pọ́n-ùn ni láti 2007, ẹni tí jàǹbá rẹ̀ bá sì tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ló ń gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ gidi dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga ní London ní 1988, adájọ́ gbọ́ ẹ̀rí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì dájọ́ pé ibi tí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí kò fi hàn pé abẹ́rẹ́ ikọ́ líle ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ títí ayé. Ní Amẹ́ríkà náà, ẹ̀sùn tó lé ní 5,000 ló wọlé pé abẹ́rẹ́ ló fa autism, ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá ènìyàn ṣe. Wọ́n yan díẹ̀ nínú wọn láti fi ṣe òdiwọ̀n, àwọn adájọ́ àkànṣe sì dá a ní 2009 pé kò sí ẹ̀rí tó gbè wọ́n lẹ́yìn. Dókítà tó dá iná ọ̀rọ̀ autism náà sílẹ̀ ní 1998, Andrew Wakefield, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ti fa iṣẹ́ náà padà ní 2010, wọ́n sì ti gba ìwé àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mo ń gbèjà oyìnbó apoògùn. Jàǹbá gidi wà. Ní 1976, Amẹ́ríkà fún bí mílíọ̀nù 45 ènìyàn ní abẹ́rẹ́ flu ẹlẹ́dẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n sì rí i pé nínú bí 100,000 tó gbà á, àìsàn Guillain-Barré mú bí ẹnì kan lé ní iye tó máa ń mú tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá ètò náà dúró ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ìjọba sì fúnra rẹ̀ dáhùn fún àwọn ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn Pandemrix, abẹ́rẹ́ flu mìíràn tí wọ́n lò ní 2009 sí 2010, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Finland àti Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í ní àìsàn tó ń mú ènìyàn sùn lọ fọnfọn níbi tó bá wà, orílẹ̀-èdè mélòó kan sì ti san owó fún wọn. Abẹ́rẹ́ kòrónà ti AstraZeneca, èyí tí àwa náà gbà jù níbẹ̀rẹ̀, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ọpọlọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n. Àní oògùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ láti ojúlé dé ojúlé, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé nínú bí mílíọ̀nù 2.7 ìkánsẹ́nu àkọ́kọ́, ó lè rọ ọmọ kan lẹ́sẹ̀. Ìjọba tó bá ní kí gbogbo òbí gbé ọmọ wá nítorí ire gbogbo ìlú mọ̀ dájú pé ó lè ṣe ẹnì kan nínú wọn ní jàǹbá. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí gbogbo ìlú bá ẹni yẹn gbé ẹrù rẹ̀. Èrò yìí ló mú kí Jámánì ṣòfin tirẹ̀ láti 1961, kí Faransé tẹ̀ lé e ní 1964, kí Japan náà sì ṣe tirẹ̀.

Nàìjíríà kò tíì ṣe é. Kò sí òfin kankan nílẹ̀ yìí tó dá àpò sílẹ̀ fún ọmọ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá ṣe ní jàǹbá. Ohun kan ṣoṣo tó jọ ọ́ tí a tíì rí ni ti àkókò kòrónà: nígbà tí abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó tó bíi mílíọ̀nù mẹ́rin balẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2021 lábẹ́ COVAX, ètò àgbáyé tí wọ́n fi pín abẹ́rẹ́ kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣètò owó gbà-má-bìínú kan fún orílẹ̀-èdè 92, tiwa náà sì wà nínú wọn. Abẹ́rẹ́ kòrónà tó gba ọ̀nà COVAX wọlé nìkan ló kàn, ẹni tó bá sì gba owó náà ti fọwọ́ sí i pé òun kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mélòó nínú wa ló gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tí a ń tò sórí ìlà? Wọ́n polongo abẹ́rẹ́ náà ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí rédíò. Èmi kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni polongo owó gbà-má-bìínú náà.

Ohun tó kù fún ìyá ọmọ ni ilé ẹjọ́. Ó lè pe ilé ìlera náà àti ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́ pé wọn kò ṣe iṣẹ́ wọn bó ti yẹ, tàbí kó di òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 mú sí ẹni tó pèsè oògùn bó bá lè fi hàn pé oògùn náà ní àbùkù. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, kò tó kó sọ pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Ó tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnì kan ṣe àìbìkítà. Abẹ́rẹ́ tó dára, tí wọ́n tọ́jú sínú òtútù bó ti yẹ, tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ gún, tó sì ṣe ọ̀kan nínú mílíọ̀nù ní jàǹbá, kò ní ẹlẹ́bi. Lábẹ́ òfin tiwa, ẹni tí kò ní ẹlẹ́bi kò ní olówó.

Ilé ẹjọ́ wa kì í sì í fi ojú àánú wo ẹ̀rí àìbìkítà. Ní 2006, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ obìnrin kan tí abẹ́rẹ́ tí dókítà fi ń rán ara kán sí nínú lójú iṣẹ́ abẹ, tí ègé rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ sọ pé abẹ́rẹ́ tó kán nìkan kò fi hàn pé dókítà ṣe àìbìkítà, nígbà tí obìnrin náà kò mú onímọ̀ wá láti sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe tí wọn kò ṣe. Bí ègé irin tó hàn gbangba kò bá tó ẹ̀rí, mélòó mélòó ni gìrì òru ọjọ́ kejì?

Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ ìjọba tún wà, òun sì ni agbẹjọ́rò ìjọba máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ tó ṣe gbọ́dọ̀ pè é láàárín oṣù mẹ́ta. Òfin náà sọ pé bí jàǹbá bá ṣì ń tẹ̀síwájú, ìgbà tó bá dáwọ́ dúró ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù náà, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ti túmọ̀ rẹ̀ sí pé ìwà tó fa jàǹbá ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀síwájú, kì í ṣe ìrora tó fi sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta! Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ ní oṣù kẹta kì í hàn tán fún òbí kó tó di pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó tí òun kò jókòó. Amẹ́ríkà fún tiwọn ní ọdún mẹ́ta; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí òbí lè kọ̀wé títí ọmọ yóò fi pé ọdún 21.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú ẹjọ́ yìí ṣe ń rí nílẹ̀ yìí, kó wo ti Kánò. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára ọmọdé. Igba ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà, ọgọ́rùn-ún gba Trovan, ọgọ́rùn-ún gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú, àwọn mìíràn fọ́jú, di adití tàbí kí ọpọlọ wọn bàjẹ́. Oògùn ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló dá ẹjọ́ náà dúró: ṣé oògùn ló ṣe é ni, tàbí yírùnyírùn, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọmọdé di adití? Pfizer kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ní 2009 ni wọ́n fẹnu kò sí mílíọ̀nù 75 dọ́là pẹ̀lú ìjọba Kánò, ní 2011, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀, ni àwọn ẹbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba 175,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ara wò láti mọ̀ pé àwọn ni ẹbí tòótọ́. Láàárín àkókò náà, ìfura tí ọ̀rọ̀ yẹn dá sílẹ̀ wà lára ohun tó mú kí Kánò dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró fún bí ọdún kan, láti 2003 sí 2004, tí àrùn náà sì tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn.

Irú jàǹbá kan wà tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju gbogbo èyí tí ohùn orí fóònù ń sọ lọ, tó sì rọrùn láti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ óò rí àgbàlagbà kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ́ iwájú bàtà rẹ̀ jẹ, tí yóò sì sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ ibà tí wọ́n gún òun ní ìdí nígbà èwe ló sọ òun dà bẹ́ẹ̀. Iṣan ńlá kan gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà lè fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹsẹ̀ náà yóò sì rọ lójú ẹsẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń gún àjẹsára ọmọ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ itan báyìí, tí wọn kì í gún un ní ìdí. Ẹni tó bá gún ọmọ ọwọ́ ní àjẹsára sí ìdí lónìí ti ṣe ohun tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ fún un. Níbí, àìbìkítà wà, àkókò bára mu, ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé sì wà lára. Ẹjọ́ nìyẹn.

Ti ìyá ọmọ Takié kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ nǹkan méjì tí kò kà sí nǹkan kan. Àkọ́kọ́ ni pé ojú àti ara ọmọ náà pọ́n ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i, wọ́n sì ń gbé e sóòrùn láràárọ̀ títí ó fi lọ. Ìkejì ni pé nígbà tí gìrì mú un, ìyá ọkọ rẹ̀ fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, èyí tí wọ́n fi ewé tábà, àlùbọ́sà àti efinrin rẹ. Ara pípọ́n ọmọ ìkókó, bó bá pọ̀ tí wọn kò tètè tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ń ba ọpọlọ jẹ́, ọmọ kì í sì í jókòó bọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àgbo náà ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti rí i pé ó ń sé èémí ọmọ, ó sì ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ títí ọpọlọ yóò fi jìyà. Mi ò sọ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ló ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé agbẹjọ́rò tó bá wà ní òdìkejì yóò béèrè wọn kí ó tó jókòó, ìyá náà yóò sì dáhùn ní òótọ́, nítorí pé kò fi wọ́n pa mọ́ fún èmi tí mi ò pè é lẹ́jọ́.

Mo sọ fún un pé bóyá ẹjọ́ wà tàbí kò sí, àwọn ìwé kan wà tó yẹ kó ní lọ́wọ́. Òfin ìlera ti 2014 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé ìwòsàn láti ní àkọsílẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá tọ́jú. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, fọ́ọ̀mù kan wà tí òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ kọ, tí yóò ti ìjọba ìbílẹ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀. NAFDAC náà ní áàpù kan, Med Safety, tí òbí fúnra rẹ̀ lè fi ròyìn rẹ̀. Nọ́ńbà bááṣì ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé òun ló lè sọ bóyá àwọn ọmọ mìíràn tó gba láti inú àpótí kan náà ní ìṣòro kan náà.

Ó lọ sí ilé ìlera náà lọ́jọ́ kejì. Matírónì tó wà níbẹ̀ báyìí kọ́ ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó bá a wá rẹ́jísítà ọdún náà jáde lábẹ́ àpótí yìnyín, eruku bò ó. Orúkọ ọmọ wà ní ìlà kẹtàdínlógún, nọ́ńbà bááṣì sì wà lórí ojú ewé náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí oògùn yóò kọjá ìlò. Kò tíì kọjá nígbà náà. Kò sẹ́ni tó kọ fọ́ọ̀mù jàǹbá kankan. Ìyá náà kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn káàdì, ó sì ti gba ọjọ́ láti lọ rí dókítà ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. Ìwé tí ó ń wá báyìí ni ti ọjọ́ tó bí ọmọ náà, bóyá ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lọ́jọ́ kẹta tí ara rẹ̀ pọ́n. Ilé agbẹ̀bí tó bí i sí ti kó kúrò ní àdúgbò náà.